Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Inú Fóònù: Ohun Tó Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Mọ̀ Kí Wọ́n Tó Bẹ̀rẹ̀

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ èrò tó gbéra ní Ìkòròdú tó gba Ìmọ́tà kọjá, kó tó dé Ìtóìkín lọ́nà Ẹ̀pẹ́, àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú rẹ̀ yóò ti yẹ fóònù wọn wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ìròyìn tí wọ́n ń wá kì í ṣe ti owó epo, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti òṣèlú. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti san, bóyá akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ yóò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lónìí, tàbí orí bẹ́ǹṣì ni yóò jókòó sí. Wọn kò bá ọkùnrin náà tan, wọn kò sì fojú kàn án rí. Síbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni. Àwọn ni wọ́n rà á, àwọn ni wọ́n fi jẹ balógun, bí kò bá sì jáde lọ́jọ́ náà, àwọn ni ọ̀rọ̀ náà yóò dùn.

Eré yìí ni wọ́n ń pè ní fántásì. Ẹni tó ń ṣe é yóò ṣa àwọn agbábọ́ọ̀lù gidi jọ, yóò fi wọ́n dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ohun tí wọ́n bá sì ṣe lórí pápá ni yóò di máàkì fún un. Àwọn òbí kan rò pé orúkọ mìíràn fún tẹ́tẹ́ ni. Àwọn ọmọ sọ pé ọgbọ́n orí ni. Kò sí èyí tó parọ́ pátápátá nínú wọn, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló wà bóyá yóò jẹ́ eré tàbí yóò di àjàgà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ kó tó gbé ẹsẹ̀.

Eré náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní ọdún 1962, Wilfred Winkenbach, ọkùnrin oníṣòwò kan láti ìlú Oakland ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1980, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Daniel Okrent àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York bẹ̀rẹ̀ tiwọn lórí eré baseball. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń wo ohun tí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe, bírò àti bébà ni wọ́n sì fi ń ṣe ìṣirò. Nígbà tó di ọdún 2002, àwọn aláṣẹ líìgì Premier ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà mọ̀. Láwọn sáà ẹnu àìpẹ́ yìí, iye ènìyàn tó ń forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ kárí ayé ti ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ.

Ní Kánádà, họ́kì orí yìnyín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣe eré yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí ní Calgary tàbí Edmonton lè rí ìpè gbà lọ́jọ́ kan pé kó wá dara pọ̀ mọ́ líìgì họ́kì ilé wọn. Kí onítọ̀hún má ṣe rò pé eré àjèjì gbáà ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù lọ nínú eré náà ń jẹ́ Jarome Iginla. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ ìdílé náà túmọ̀ sí: igi ńlá. Iginla gba góòlù 625 wọlé nínú ìdíje 1,554 ní líìgì NHL, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ wúrà pẹ̀lú Kánádà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù lọ́dún 2002 àti 2010. Òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ Utah mú ọmọ rẹ̀, Tij, ní ipò kẹfà nígbà tí wọ́n ń pín àwọn ọ̀dọ́ tuntun. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí kò mọ ibi tí Nàìjíríà wà lórí àwòrán ilẹ̀ ń du orúkọ Yorùbá yẹn mọ́ ara wọn lọ́wọ́ kí ẹgbẹ́ wọn lè borí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe ti họ́kì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀pọ̀ líìgì họ́kì, ẹnìkan ṣoṣo ló lè ní agbábọ́ọ̀lù kan. Àwọn tó wà nínú líìgì náà yóò jókòó, wọn yóò sì máa mú ènìyàn níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mú kẹ́yìn ní ìpele àkọ́kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú ní ìpele kejì, kí ìpín náà lè dọ́gba. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò máa ka góòlù, iye ìgbà tí ènìyàn fún ẹlòmíràn ní bọ́ọ̀lù tó di góòlù, iye ìgbà tó gbá a sójú ilé, àti iye èyí tí gólì mú. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é lẹ́nu níhìn-ín, àmọ́ rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni. Ní sáà 2024/2025, ẹgbẹ́ 32 ló wà ní NHL, ìdíje 82 sì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá kí wọ́n tó bọ́ sí ìpele àṣekágbá. Ẹni tí kò bá lè fojú tó o lójoojúmọ́, ti bọ́ọ̀lù ni kó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Ti líìgì Premier rọrùn láti mọ̀. Owó àfinúrò tó tó 100 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n fún olúkúlùkù. Ènìyàn 15 ni yóò fi rà: gólì 2, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn 5, ti àárín 5, àti ti iwájú 3. Kò gbọdọ̀ mú ju ẹni 3 lọ láti inú ẹgbẹ́ kan. Nínú àwọn 15 yìí, 11 ni yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó kù yóò wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò rí máàkì 2. Góòlù ẹni iwájú jẹ́ 4, ti àárín jẹ́ 5, ti ẹ̀yìn jẹ́ 6. Ẹni tó fún ènìyàn ní bọ́ọ̀lù tó di góòlù yóò gba 3. Bí wọn kò bá gbá góòlù kankan sí ẹgbẹ́ kan, gólì àti àwọn ará ẹ̀yìn rẹ̀ yóò gba 4. Láti sáà 2025/2026, ará ẹ̀yìn tó bá dènà bọ́ọ̀lù, tó gbà á tàbí tó lé e dànù, tí gbogbo rẹ̀ pé mẹ́wàá nínú ìdíje kan, yóò rí 2 sí i. Káàdì pupa yóò yọ 3 kúrò. Ẹni tí wọ́n bá fi jẹ balógun ni máàkì rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì.

Ìyípadà ọ̀fẹ́ kan ni ènìyàn ní lọ́sẹ̀. Bí kò bá lò ó, ó lè tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi pé márùn-ún. Ẹni tó bá ṣe ju èyí tó ní lọ, máàkì 4 ni wọn yóò yọ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀.

Aago tún jẹ́ nǹkan pàtàkì. Ìṣẹ́jú 90 ṣáájú ìdíje àkọ́kọ́ nínú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Bí ìdíje náà bá jẹ́ aago 12:30 ọ̀sán Sátidé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago 11 àárọ̀ ni wọn yóò tì í níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n láti Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá títí di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta, wákàtí kan ni tiwa fi ń ṣáájú, aago 11 tiwọn á sì di 12 ọ̀sán ní Ìkòròdú. Ẹni tó mọ bí iná ṣe ń lọ àti bí détà ṣe ń tán kò gbọdọ̀ dúró dìgbà yẹn. Alẹ́ Fúráídè ni kó ti parí ètò rẹ̀.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wà tí eré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, àbúrò ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ní Ìkòròdú. Oṣooṣù ni ẹ̀gbọ́n ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ní ìparí oṣù Keje, àbúrò pè pé òun fẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lé ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ènìyàn ogún làwọn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún làwọn fẹ́ dá, ẹni tó bá sì ṣe ipò kìíní ní oṣù Karùn-ún ni yóò kó ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún.

"Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́ ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ rárá. Ọ̀fẹ́ ni eré náà fúnra rẹ̀."

"Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wá ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún wà fún?"

Àbúrò kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bá a jà. Ó ní, "Owó yẹn kò sí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọgbọ́n lóòótọ́, kọ́ èmi náà. Èmi àti ìwọ ni yóò jọ ṣe é." Bí ẹ̀gbọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Àbúrò lọ wá owó náà níbòmíràn, ó sì san án fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọdún fi máa parí, ẹ̀gbọ́n tí kò mọ orúkọ ìdajì àwọn agbábọ́ọ̀lù náà tẹ́lẹ̀ ti ṣáájú. Ìyàtọ̀ náà kò ju ọ̀nà tí kálukú ń gbà rajà lọ. Bí góòlù bá ti wọlé fún ẹnìkan lọ́sẹ̀ yìí ni àbúrò yóò ti lọ rà á, yóò sì ta ẹni tí kò gbá góòlù wọlé dànù. Ìyípadà méjìlá ló ti ṣe kọjá èyí tó ní, máàkì 48 sì ti bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ béèrè ohun méjì péré kó tó ra ènìyàn: ṣé ọkùnrin yìí ń jáde ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ta ni ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ bá gbá láàárín oṣù kan sí ìgbà yìí? Nígbà tí àbúrò béèrè àṣírí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò mi, ẹja tí yóò tà lọ́la ni mò ń rà. Ìwọ ń ra èyí tí wọ́n ti jẹ tán lánàá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti mú mi."

Gbogbo ẹ̀kọ́ tó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yìí. Góòlù àná ti lọ. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ìṣẹ́jú tí ènìyàn máa ń lò lórí pápá àti àwọn tó kàn láti bá gbá. Kí ènìyàn ná owó lórí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó tóbi, kó wá àwọn tí kò wọ́n ṣùgbọ́n tí wọn kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kó sì ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ tún jẹ́ ìdẹkùn mìíràn. Ẹni tó fẹ́ràn Arsenal kò níláti mú ẹni mẹ́ta níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ wọn le. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó bọ́gbọ́n mu láti mú Alex Iwobi tàbí Ola Aina nítorí pé ọmọ ilé ni wọ́n. Kí á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn kò ní kí á má ṣe ìṣirò.

Ní ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún yẹn, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kò tíì kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kejì, ẹni tí àwọn ogún náà kó owó fún pa fóònù rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà di ohun tí wọ́n ń fi orúkọ pè láìrí i. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan ara wọn pé wọ́n jọ mọ̀ sí i. Eré ọ̀fẹ́ ti di ọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ti pọ̀, tí ọmọ tí kò níṣẹ́ sì ti ń fi owó ọkọ̀ ta tíkẹ́ẹ̀tì. Iyàtọ̀ tó wà láàárín fántásì àti tẹ́tẹ́ ni pé nínú fántásì, kò sí owó tó ń jáde lápò ènìyàn bí ó bá pàdánù. Lọ́jọ́ tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ìyàtọ̀ náà ti ń tín-ín-rín. Òfin pàápàá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó pè pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ní agbára láti ṣòfin lórí lọ́tìrì àti eré oríire, kì í ṣe ti àpapọ̀. Èkó sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń mójú tó lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ gbogbo ayé, tó sì ń ṣèlérí ẹ̀bùn, kò lè fi "eré ni à ń ṣe" bo ara rẹ̀.

Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá sì fẹ́ dá nǹkan díẹ̀ láàárín ara wọn, ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa fi ń dá àjọ ni kí wọ́n yá. Kí iye náà jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní sunkún lé lórí. Kí ẹni méjì jọ mọ ibi tí owó wà. Kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó yí, nítorí oṣù mẹ́wàá pọ̀ fún owó ọlọ́wọ́ láti wà lápò ẹnìkan. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹni tó borí gba ohun tí kì í ṣe owó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò yẹn ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú àwọn méjèèjì ni yóò rìnrìn àjò lọ kí ẹnìkejì lọ́jọ́ ọdún.

Nǹkan kan tún wà tí olùbẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Taiwo Awoniyi, ọmọ bíbí Ìlọrin, fi ara gbá òpó ilé nígbà tí Nottingham Forest ń bá Leicester gbá. Ìpalára náà wọ inú ikùn rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní kíákíá, àwọn dókítà sì fi oògùn mú un sùn kí ara rẹ̀ lè rí ìsinmi. Ọlọ́run yọ ọ́. Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí fántásì ti gba ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè ẹni tí òun lè fi rọ́pò. Ọmọ ènìyàn tó ní ìyàwó àti òbí ni orúkọ tó wà lórí fóònù. Bí ènìyàn bá rí i pé òun ń bú agbábọ́ọ̀lù tó fara pa nítorí máàkì, kó gbé fóònù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ojú àwọn ọmọ wa wà? Láti sáà 2024/2025 ni ẹgbẹ́ Ikorodu City ti wà nínú líìgì àgbà Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Ìkòròdú lè dárúkọ ará ẹ̀yìn Fulham mẹ́rin láìronú, wọn kò sì lè dárúkọ méjì nínú ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wọn. Ẹni tó bá mọ bí Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1980 yóò mọ̀ pé kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kó ṣe áàpù fún wọn. Ènìyàn mẹ́wàá, ìwé àkọsílẹ̀ kan, bírò kan, àti ẹnìkan tí yóò máa lọ wo bọ́ọ̀lù kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìṣojúsàájú ti tó. Kí kálukú mú agbábọ́ọ̀lù márùn-ún nínú líìgì Nàìjíríà, kí wọ́n fẹnu kò lórí máàkì, kí eré bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí sáà kan bá fi parí, ìwé náà yóò ní ohun tí owó tẹ́tẹ́ kò lè rà nínú: àkọsílẹ̀ ohun tí ọmọ ilé ṣe lórí pápá, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fẹ́ wò ó. Oníròyìn lè fẹ́ yá a. Ọmọ tó kọ ọ́ yóò sì ti mọ ìṣirò, yóò ti mọ bí a ṣe ń pa òótọ́ mọ́ nígbà tí máàkì ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó.